Tàtàṣé Sísun fún Ènìyàn Mẹ́rìndínlógún

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá. Òjò láàárọ̀, oòrùn lọ́sàn-án.

Wọ́n ti wá, wọ́n ti lọ. Dáwódù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀. "Bàbá, èmi àti àbúrò mi ti ń rò ó. Ilé yìí ti tóbi jù fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Yàrá wà nílẹ̀." Nọ́ọ̀sì, àbúrò rẹ̀ obìnrin, jókòó tì í, ó ń wo ilẹ̀. Ọmọ méjì péré ni mo bí, wọ́n sì ti ṣèpàdé lé mi lórí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo ní kí ni mo ṣe tí ilé mi fi tóbi jù fún mi. Dáwódù ní, "Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Àgbà ló dé." Àgbà! Ṣé àná ló dé ni? Ó tún ní ṣé mo ṣì lè máa dáná fúnra mi báyìí. Èmi, tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ ojú omi, tí mo ń bọ́ ọgbọ̀n ọkùnrin lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ nígbà tí ìgbì ń ju ìkòkò káàkiri! Inú bí mi, ẹnu mi sì ṣáájú làákàyè mi. Mo ní kí gbogbo ẹbí wá ṣe ìpàdé òpin ọdún nínú ilé yìí, ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀. Mo ní èmi nìkan ni màá se oúnjẹ ìṣáájú: tàtàṣé sísun tí wọ́n fi ń wé wàrà, èyí tí ọ̀gá mi ará Ítálì kọ́ mi nínú ọkọ̀, tí wọ́n máa ń jẹ níbi àsè wọn kí oúnjẹ gidi tó dé. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún. Bí mo bá ṣe é tó dùn, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ yàrá kankan mọ́, àfi bí èmi fúnra mi bá béèrè. Dáwódù ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé imú mi ti kú. Láti ìgbà ọ̀fìnkìn oṣù kẹsàn-án ni. Ahọ́n náà sì bá a lọ. Bí mo bá ń jẹun báyìí, bí ẹni ń jẹ páálí ni.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́. Ooru.

Dókítà tan iná sí mi nímú títí mo fi sín. Ó ní ó ṣeé ṣe kó padà, ó sì ṣeé ṣe kó má padà. Ṣé èyí ni wọ́n lọ fi ọdún méje kọ́ ní yunifásítì? Èmi tí mi ò lọ, mo lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní kí n máa gbé àlùbọ́sà, kànáfùrù àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí imú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n máa rántí bí òórùn wọn ṣe rí. Ó wá béèrè pé ta ni mò ń bá gbé. Mo ní èmi àti ìyàwó mi ni. Ọdún karùn-ún rè é tí a ti sin ín.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún. Afẹ́fẹ́.

Mo kọ́kọ́ dán an wò lónìí, tàtàṣé mẹ́fà lórí iná gáàsì. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé imú ni aago kúùkù. Èèpo tàtàṣé gbọ́dọ̀ jó dúdú, àmọ́ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jó. Ìṣẹ́jú kan péré ló wà láàárín méjèèjì, òórùn ló sì máa ń sọ fún ọ pé ó yá. Mo ti ṣe é láìmọye ìgbà, mi ò wo aago rí. Mo gbé e kaná, mo lọ jókòó sí pálọ̀ kí n sinmi ẹsẹ̀ díẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń lù bí ẹni pé ọlọ́pàá ló dé.

"Bàbá Kúùkù! Bàbá Kúùkù o! Iná! Ẹ máa jó mọ́lé!"

Aránṣọ ni, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé mi. Ó ti wọlé kí n tó dìde, ó pa gáàsì, ó ṣí fèrèsé. Èéfín ti kún ilé ìdáná dé àjà. Tàtàṣé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti di èédú. Ó ń húkọ́, ó ń wò mí. "Ẹ wà nílé, ẹ ò gbóòórùn?" Mo ní mo mọ̀ọ́mọ̀ sun ún bẹ́ẹ̀ ni, pé bí àwọn ará Ítálì ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó wo èédú náà, ó tún wò mí, ó ní, "Wọ́n kú iṣẹ́ o." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún.

Òjò. Orí ń fọ́ mi. Mo gbé àlùbọ́sà sí imú. Ojú ṣomi, imú ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

Mo ti rí i! Bí imú bá kú, etí ò kú. Èèpo tàtàṣé máa ń ta lórí iná. Bó bá ṣì ń ta, ó ku díẹ̀; bó bá ti dákẹ́, kí o yí i kíákíá. Mo gbé àga síwájú iná, mi ò kúrò níbẹ̀. Mò ń kà á: ọgọ́rin fún ẹ̀gbẹ́ kan, ọgọ́rin fún ìkejì, ọgọ́ta fún ìdí. Mo kó wọn sínú abọ́, mo fi àwo dé e kí ooru lè tú èèpo wọn. Èèpo náà bọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, abẹ́ rẹ̀ pupa fòò.

Wàrà ò yọ mí lẹ́nu, ojú ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn. Mo gbé mílíìkì kaná, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó dì, mo dà á sínú aṣọ funfun, mo so ó kọ́ títí omi rẹ̀ fi ro tán. Iyọ̀ rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Mo wé díẹ̀ sínú tàtàṣé, mo gbé e lọ fún Aránṣọ, mo ṣe bí ẹni pé mo kàn ní kó fi panu ni. Ó jẹ ẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, Bàbá Kúùkù. Àmọ́ iyọ̀ yìí, ṣé ìgbín lẹ fẹ́ fi pa ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé mo kọ ọ́ sílẹ̀: ṣíbí kékeré méjì ti pọ̀ jù.

Tàtàṣé ti gbówó lórí. Obìnrin tó ń tà á ní bó bá dùn mí, kí n lọ gbin tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì, oṣù kejìlá.

Mo tún gbé àwo lọ. Aránṣọ fi kan ẹnu, ó tu ú sínú àkísà.

"Bàbá Kúùkù, ó ti kan."

Mo ní kò kan.

"Ó kan! Ó ń rùn!"

Mo ní mo jẹ nínú rẹ̀ láàárọ̀, odindi àwo kan. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ ò gbóòórùn mọ́, àbí?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Èéfín ló sọ fún mi, lọ́jọ́ tí ilé fẹ́ jó mọ́ yín lórí. Iyọ̀ tún sọ fún mi. Ṣé àwọn ọmọ yín mọ̀?"

Mo ní kò kàn án. Mo ní kó máa rán aṣọ rẹ̀, kó fi àgbàlagbà lọ́rùn sílẹ̀. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu mi, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo délé, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ sílé ìyàgbẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ṣé ẹ rí i pé ó kan lóòótọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe máa ń bẹ̀bẹ̀ náà ni mo ṣe bẹ̀ ẹ́: mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní oòrùn mú lónìí. Ó ní ó mú lóòótọ́. Mo ní imú mi ti kú, ahọ́n mi náà ti kú. Ó ní kí n jókòó. Ó ní òun á máa bá mi tọ́ ọ wò ní aago mẹ́rin, tí òun bá ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, àmọ́ kí n sọ fún àwọn ọmọ. "Ẹ̀yin nìkan pẹ̀lú iná nínú ilé ìdáná yẹn, Bàbá Kúùkù, ọjọ́ kan ṣoṣo ni nǹkan máa ń ṣẹlẹ̀."

Mo ní màá sọ fún wọn lẹ́yìn ìpàdé.

"Lẹ́yìn ìpàdé kẹ̀? Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba ilé yín mọ́ wọn lọ́wọ́ tán?"

Obìnrin yìí, abẹ́rẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa, mi ò ní sọ ọ́ rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà.

Aránṣọ rán àpò aṣọ kan fún mi tí mo lè máa fi sẹ́ wàrà, ó fi okùn sí ọrùn rẹ̀. Kò jẹ́ kí n dúpẹ́. Ó ní aṣọ tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ ẹlòmíràn ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án. Ooru burúkú.

Ìgbà karùn-ún rè é. Ṣíbí kékeré kan iyọ̀ sí mílíìkì lítà méjì. Aáyù mẹ́ta, gígé wẹ́wẹ́, nínú òróró ólífì. Ewé efinrin kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí pupa, funfun àti àwọ̀ ewé, àwọ̀ àsíá Ítálì, lè pé síbẹ̀, bí ọ̀gá mi ṣe máa ń fẹ́ ẹ lọ́jọ́ àsè. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri ilé ìdáná. Oúnjẹ tí mò ń fi imú sè láti ìgbà ọ̀dọ́ ti wá di ìṣirò.

Aránṣọ jẹ méje. Ó lá ìka, ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ jẹ́ n kú síbí." Mò ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ìlara gbé mi débi pé mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo lọ ń fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá.

Nọ́ọ̀sì yà wá láìsọ tẹ́lẹ̀, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. "Ẹ kú ilé, Bàbá." Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ilé ìdáná ló kọrí sí. Ó ṣí fíríìjì. Ó gbé ìgò mílíìkì jáde, ó ṣí i, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dà á nù láìbi mí.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ ra èyí?"

Mo ní mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kó kan ni, pé iṣẹ́ wàrà ni. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n?" Ó dé ìdí iná, ó na ọwọ́, ó yí bọ́tìnnì gáàsì kan tí mi ò tì dáadáa. Ó ṣí fèrèsé méjèèjì, ó dúró síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó wò mí. Mo ti rí i tó ń wo ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí ìyá wọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ fún mi?" Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní ìrìn. Òun ni mo fẹ́ràn jù, Ọlọ́run ló mọ̀, mi ò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ rí. Mo ní kò sí. Ó ní ó dáa, ó lọ.

Mo sọ ọ́ fún Aránṣọ ní aago mẹ́rin. Ó ní ọmọ tó bi ènìyàn lẹ́ẹ̀kan péré, tó wá dákẹ́, òun ni kí ènìyàn bẹ̀rù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ọyẹ́ ní gbogbo ọjọ́.

Mo ti rí yàrá náà. Ẹ̀yìn pálọ̀ Dáwódù ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò. Ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìyẹn gan-an ni ìyọnu. "Bàbá, ẹ jókòó." "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀, màá ṣe é." "Bàbá, ọ̀bẹ nìyẹn o." Kó tó tó oṣù mẹ́ta, màá ti di ọ̀kan nínú àga wọn.

Lónìí mo ṣí àpótí aṣọ ìyá àwọn ọmọ. Ó tó ọdún márùn-ún tí mo fi ń ṣí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí n lè gbé ìró rẹ̀ sí imú, àmọ́ láti ìgbà ọ̀fìnkìn ni mi ò ti láyà láti ṣí i. Òórùn ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo ṣí i kẹ́yìn, ó ti dín kù, àmọ́ ó wà. Lónìí, aṣọ lásán ni. Mo sunkún bí ọmọdé. Ó kú lẹ́ẹ̀kan, mo gba kámú. Kí ló dé tó tún ní láti kú lẹ́ẹ̀kejì, tí kò sí ẹnì kan tó máa bá mi kẹ́dùn?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún.

Dáwódù pè mí lórí fóònù. Ó ní tó bá ti fẹ́ ni mí lára, kí n má ṣe wàhálà, pé àwọn kan wà tó ń se irú oúnjẹ àsè bẹ́ẹ̀ tà, àwọn á rà á wá. Mo ní kó ra ti ilé tirẹ̀. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún.

Mo gbóòórùn! Mo wọ ilé ìdáná láàárọ̀, òórùn aáyù gbà mí nímú, mo pariwo. Mo sáré lọ pe Aránṣọ, èmi tí orúnkún ń dùn. Ó wọlé, ó ń fa imú káàkiri, ó ṣí ìkòkò wò. Ó ní, "Bàbá Kúùkù, kò sí aáyù níbí." Lóòótọ́, láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ti lò ó tán. Orí ara mi ló ń fi mí ṣẹ̀sín.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ó tutù, kò sí òjò.

Tàtàṣé ogójì. Mílíìkì lítà mẹ́jọ, tuntun, àárọ̀ yìí ni mo rà á. Iyọ̀ ṣíbí kékeré mẹ́rin. Aago méje ni mo bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́ta ni mo parí. Mo jókòó síwájú iná, mò ń kà: ọgọ́rin, ọgọ́rin, ọgọ́ta, títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ọwọ́ mi jó níbi méjì. Ẹsẹ̀ mi wú.

Aránṣọ tọ́ ọ wò ní aago mẹ́rin. Ó ní kò sí ohun tí ènìyàn lè fi kún un. Ó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ọ̀túnla ni yóò dé. Ó ti fẹ́ jáde, ó tún dúró. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó jẹ ẹ́." Mo ní mo gbọ́. Ó ní, "Gbígbọ́ kọ́ ni mo bẹ̀ yín."

Mo ti to gbogbo rẹ̀ yípo sórí àwo funfun ńlá. Ọgọ́rin ni, méjì méjì lára tàtàṣé kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó tì í, mò ń wò ó. Ó rẹwà, mi ò purọ́. Nínú gbogbo ẹni tó máa jẹ ẹ́ lọ́la, èmi tí mo sè é nìkan ni kò ní mọ ohun tí mò ń jẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n.

Gbogbo wọn wá, mẹ́rìndínlógún pé. Mo gbé àwo náà jáde fúnra mi, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fọwọ́ kàn án. Wọ́n kọ́kọ́ ń pariwo nítorí bó ṣe rí. Nígbà tí wọ́n fi kan ẹnu, ariwo dákẹ́. Ẹni tó bá ti se oúnjẹ fún ènìyàn rí á mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ìyàwó Dáwódù ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe èyí, àbí ẹ kàn ń tàn wá?" Àbúrò mi ọkùnrin, tí kì í yin ẹnikẹ́ni láyé, mú mẹ́jọ. Dáwódù dìde, òróró wà ní àgbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo túúbá. Ọ̀rọ̀ yàrá ti parí. Ẹ máa gbádùn ilé yín." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Omi bọ́ lójú mi, mo ní aáyù ló ta sí i.

Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó jẹ márùn-ún, mò ń kà á. Ó dìde, ó lọ sílé ìdáná, ó gbé kọ́ọ̀pù tíì kan wá. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ mu tíì." Ó ti rẹ̀ mí, ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ. Mo mu ún dé ìdajì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Bàbá, ṣé ṣúgà rẹ̀ tó?"

"Ó dùn gan-an, ọmọ mi. Ìwọ nìkan lo mọ bí mo ṣe máa ń mu ún."

Mo tún mu sí i, mo fi ọwọ́ nu ẹnu. Ó ti ń sunkún, mi ò sì mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Ó gba kọ́ọ̀pù náà lọ́wọ́ mi, díẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dáwódù fi kan ẹnu, ó tu ú dà sílẹ̀.

"Iyọ̀ ni," Nọ́ọ̀sì ní. "Ṣíbí mẹ́ta. Bàbá ò gbóòórùn mọ́, ẹnu wọn náà ò sì mọ adùn mọ́. Gáàsì ń jò lọ́jọ́ tí mo wá, ó ti gba gbogbo ilé ìdáná, wọ́n dúró sínú rẹ̀, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ wàrà."

Mo fẹ́ ní mo mọ̀, mo fẹ́ ní mo kàn ń bá a ṣeré ni, irọ́ ò wá. Ìbínú ló wá. Mo ní ọmọ tí mo bí ló dán mi wò bí ẹni ń dán ajá wò, nínú ilé mi, lójú gbogbo ẹbí, lórí ìkúnlẹ̀!

Ó ní, "Mo bi yín, Bàbá. Mo dúró síbẹ̀ yẹn, mo bi yín."

Dáwódù jókòó padà. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Bí ọdún tuntun bá ti wọlé, Bàbá. A máa wá kó ẹrù." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó wá na ọwọ́, ó mú ọ̀kan sí i nínú tàtàṣé náà, ó jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

Aránṣọ dé ní ọ̀sán. Kò tíì gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀ tó ti yọjú sí mi. "Bàbá Kúùkù! Báwo ni? Ṣé wọ́n jẹ ẹ́?"

Mo ní wọ́n jẹ ẹ́ tán, pé wọn ò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Ó ju àpò sílẹ̀, ó fò sókè, ó ní àwa méjèèjì la borí. Mo fi í sílẹ̀ kó yọ̀ díẹ̀ sí i.